Ríìlì Àtijọ́ Tàbí Tuntun: Èwo Ló Yẹ Apẹja Etí Odò Ògùn?

Ẹni tó bá fẹ́ fi ìwọ̀ pẹja láti etí odò, tí kò ní ọkọ̀ ojú omi, tí kò sì fẹ́ da àwọ̀n, ìbéèrè kan wà tó máa kojú rẹ̀ kó tó fojú kan omi: ríìlì wo ni kó rà? Ríìlì ni ẹ̀rọ kékeré tí a ń dè mọ́ ìdí ọ̀pá ìwọ̀. Òun ló ń tú okùn sílẹ̀ nígbà tí a bá ju ìwọ̀ sínú omi, òun ló ń ká a padà, òun náà ló sì ń kó ẹja níjàánu nígbà tó bá fẹ́ fa okùn já. Oríṣi méjì ló sábà máa ń dé ọwọ́ ẹni. Ọ̀kan ni èyí tó ti dàgbà, tí wọ́n ṣe ní Sweden, Faransé, Amẹ́ríkà tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ogójì sí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, tó bá ẹrù tòkunbọ̀ wọlé tàbí tí ẹnì kan jogún. Èkejì ni tuntun inú páálí, tó fúyẹ́, tó ń dán, tí wọ́n kọ oríṣiríṣi nọ́ńbà sí lára. Àwọn tó fẹ́ràn àtijọ́ á ní kò sí irú irin ìgbà yẹn mọ́. Àwọn tó fẹ́ràn tuntun á ní ta ló tún ń fi ẹ̀rọ ayé bàbá-ńlá ẹni pẹja? Ohun tí mo fẹ́ fi yé òǹkàwé ni pé ọjọ́ orí ni apá méjèèjì ń jà lé lórí, kì í sì í ṣe ọjọ́ orí ló yẹ ká máa wò. Ìbéèrè tó yẹ ká bi ẹ̀rọ ni pé: bó bá bàjẹ́, ta ni yóò tún un ṣe, níbo, kí sì ni yóò fi tún un ṣe? Fún ẹni tó ń gbé Ìfàkò-Ìjàyè àti agbègbè rẹ̀, ìdáhùn ìbéèrè yìí ń gbe ríìlì àtijọ́ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi kan wà tí tuntun ti borí pátápátá.

Ká kọ́kọ́ wo omi tí à ń sọ. Ọ̀rọ̀ omi kò ṣàjèjì sí Ìfàkò-Ìjàyè, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀ kó tó di pé wọ́n yọ ọ́ lára Agége, tó di ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀ ní 1996. Ní Ìjú ni ìjọba amúnisìn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ omi ní 1910, nígbà tó sì di 1915, omi ẹ̀rọ ti ń ti ibẹ̀ dé Èkó. Odò tó tóbi jù ní ìtòsí ni Odò Ògùn, odò Yemọja, tó ń gba Akútè àti Ìṣẹri kọjá ní ìhà ìlà-oòrùn. Lẹ́bàá Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ní Òkè-Ògùn ló ti ṣẹ̀, ó gba Abẹ́òkúta, ó sì já sínú ọ̀sà Èkó lẹ́yìn ìrìn tó tó nǹkan bí 480 kìlómítà. Odò yìí kì í mọ́ gaara. Ẹrẹ̀ ń pọ̀ nínú rẹ̀ nígbà òjò, igi wíwó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àwọn tó ń wa yanrìn sì ti gbẹ́ ibi púpọ̀ jìn. Gbéborùn, ewéko ojú omi tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní apá Àgbádárìgì ní 1984, ń bo ibi tí omi bá ti dákẹ́. Bí òjò oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá bá pọ̀, tí wọ́n sì tú omi sílẹ̀ láti ìdídò Ọ̀yán tó ti wà láti 1983, odò á kún, ìṣàn rẹ̀ á sì le. Àwọn ẹja tí ìwọ̀ sábà ń mú níbẹ̀ ni àrọ̀, ọ̀bọ̀kún àti epìyà. Ìsàlẹ̀ omi ni àrọ̀ àti ọ̀bọ̀kún ti ń jẹ, ó dìgbà tí a bá fi òjé tó wúwo gbé ìjẹ lọ bá wọn. Epìyà ní tirẹ̀, ẹnu rẹ̀ kéré, ìwọ̀ kékeré àti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń fẹ́. Nítorí náà, iṣẹ́ tí ríìlì ní láti ṣe níhìn-ín kò díjú: kó lè gbé òjé jìnnà díẹ̀, kó di okùn mú ṣinṣin nínú omi tó ń ṣàn, kó sì lágbára láti fa ẹja kúrò nítòsí igi kó tó sá wọ abẹ́ rẹ̀.

Ríìlì fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun àná. Àwòrán kan tí Ma Yuan, ará Ṣáínà, yà ní 1195 fi apẹja kan hàn nínú ọkọ̀ ojú omi, kẹ̀kẹ́ okùn sì wà lára ọ̀pá rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn apẹja odò Trent ní Nottingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń fi igi gbẹ́ ríìlì tó ń yí láìdákẹ́ bí ọwọ́ bá ti kàn án. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí ará Agége àti Ìkẹjà kíyè sí jù ni irú iṣẹ́ tí àwọn tó sọ ríìlì di ohun tó jẹ́ lónìí ń ṣe. Alfred Illingworth, tó gba ìwé ẹ̀tọ́ fún ríìlì tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kì í yí ní 1905, oníléeṣẹ́ aṣọ híhun ni ní Bradford. Ilé-iṣẹ́ Carpano & Pons tó ṣe ríìlì Mitchell, ìlú Cluses ló wà, níbi tí àwọn ará Faransé ti ń ṣe aago. ABU ti ìlú Svängsta ní Sweden, tó gbé ríìlì Ambassadeur 5000 jáde ní 1952, mítà takisí ló ń ṣe tẹ́lẹ̀. Shimano ti Sakai ní Japan bẹ̀rẹ̀ ní 1921 pẹ̀lú eyín kẹ̀kẹ́ ológeere, ọdún 1970 ló tó yà sídìí ohun ìpẹja. Zebco ti Tulsa ní Amẹ́ríkà, ohun abúgbàù fún kànga epo rọ̀bì ló ń ṣe kó tó ta ríìlì àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1949. Ilé-iṣẹ́ òwú, ti aago, ti kẹ̀kẹ́ àti ti irin ló bí ríìlì. Níbi tí irú iṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ bá sì ti wà, ríìlì tó bàjẹ́ kò di òkú.

Kí ìyàtọ̀ àtijọ́ àti tuntun tó lè yé wa, ó yẹ ká mọ ọ̀nà mẹ́ta tí ríìlì ń gbà ṣiṣẹ́. Mú kẹ̀kẹ́ òwú télọ̀ kan. Bí o bá fi pẹ́ńsù la ihò àárín rẹ̀, tí o sì fa òwú náà láti ẹ̀gbẹ́, kẹ̀kẹ́ náà á máa yí bí òwú ṣe ń jáde. Ọ̀nà kìíní nìyẹn, ríìlì tí kò ní jíà kankan: ìyípo kan tí ọwọ́ bá yí, ìyípo kan náà ni kẹ̀kẹ́ ń yí. Fi jíà sáàárín ọwọ́ tí à ń yí àti kẹ̀kẹ́ yẹn, kí kẹ̀kẹ́ lè yí lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí lẹ́ẹ̀márùn-ún bí ọwọ́ bá yí lẹ́ẹ̀kan, ọ̀nà kejì nìyẹn, irú ti Ambassadeur. Ó lágbára púpọ̀, àmọ́ ó ní ìṣòro kan: nígbà tí òjé bá balẹ̀ sínú omi, kẹ̀kẹ́ ṣì ń sáré, bí àtàǹpàkò kò bá tètè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, okùn á tú jáde lórí ara rẹ̀, á sì lọ́ pọ̀ mọ́ra. Wàyí o, gbé kẹ̀kẹ́ òwú kan náà dúró lórí tábìlì, kí o sì fa òwú rẹ̀ sókè láti orí. Kẹ̀kẹ́ kò ní yí rárá, òwú á kàn máa yọ́ jáde. Ọ̀nà kẹta nìyẹn, èyí tí Illingworth rí kọ́ nídìí ẹ̀rọ òwú, òun sì ni ọ̀pọ̀ ríìlì tuntun ń lò lónìí. Kò ṣòroó kọ́, ó lè gbé ohun tó fúyẹ́ jìnnà. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń lọ́ okùn, àti pé agbára ọwọ́ ní láti yí igun kan nínú rẹ̀ kó tó dé ibi iṣẹ́, èyí tó mú kí jíà rẹ̀ díjú ju ti ọ̀nà kejì lọ.

Wo ohun tó máa ń bàjẹ́. Nínú ríìlì irin àtijọ́ tí wọ́n ṣe dáadáa, ìdérí ẹ̀gbẹ́ ń ṣí pẹ̀lú síkúrù mélòó kan. Ohun tí o máa bá nínú rẹ̀ ni gírísì tó ti le bí oje igi, tó ti dúdú, tó sì ti di gbogbo nǹkan mú. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ẹ̀rọ náà ti kú. Rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì mọ́jú, fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù fọ̀ ọ́, nu ún gbẹ, fi gírísì tuntun díẹ̀ sí eyín jíà, kán epo ẹ̀rọ ìránṣọ sí ibi tí ọ̀pá ti ń yí nínú bọ́ọ̀ṣì, ọ̀pọ̀ rẹ̀ á jí. Bí nǹkan kan bá jẹ gan-an, ó sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin: sípírìngì tó kán, bọ́ọ̀ṣì tó ti jẹ, awọ bíréèkì (ohun tó ń kó ẹja níjàánu) tó ti gbẹ, tàbí ìkọ́ kékeré tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ yí padà sẹ́yìn. Sípírìngì ṣeé fi wáyà irin líle ká. Bọ́ọ̀ṣì ṣeé fá láti ara ọ̀pá idẹ. Awọ bíréèkì, oníbàtà tó mọṣẹ́ lè gé e yípo bí owó wẹ́wẹ́. Ìkọ́, wọ́n lè fáìlì rẹ̀ jáde láti ara pẹlẹbẹ irin. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó gbọ́dọ̀ ti òkè òkun wá.

Ibí ni àdúgbò ti di ẹ̀rí. Láti ìgbà tí ojú irin ti gba Agége lọ sí òkè ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì dá agbègbè ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìkẹjà ní àwọn ọdún 1950, ohun tí ilé-iṣẹ́ ńlá bí sí ìgbèríko rẹ̀ ni àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Láti Ògbà dé Fágbà, láti Ìjàyè dé Agége, àwọn wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fá irin, tí wọ́n ń gé ọ̀pá, tí wọ́n ń lu ihò, tí wọ́n ń jó irin pọ̀, nítorí pé bí ẹ̀rọ búrẹ́dì tàbí ẹ̀rọ ìlọta bá dúró, olówó rẹ̀ kò lè dúró de èyí tí yóò ti òkè òkun dé. Ẹni tó lè fá bọ́ọ̀ṣì fún ẹ̀rọ ìlọta lè fá èyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ríìlì, bí o bá mú èyí tó jẹ lọ bá a kó wọ̀n ọ́n. Ohun tí kò ní lè ṣe fún ọ ni pé kó tún ara ike tó sán ṣe. Bí ara ríìlì olówó pọ́ọ́kú bá yẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ẹja ń fà á, eyín jíà kò ní wọ ara wọn dáadáa mọ́, wọ́n á máa jẹ ara wọn. Eyín náà, síǹkì rírọ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀, tí wọ́n yọ́ dà sínú àwòkọ́. Kò ṣeé jó, kò sì wúlò láti tún gé. Béárìnì tó ń yí síhà kan ṣoṣo, èyí tí ríìlì tuntun fi ń dá ọwọ́ dúró, kò rọrùn láti tú: bí omi àti ìdọ̀tí bá bà á jẹ́, àfi kí a yọ ọ́ jù nù, ká wá irú rẹ̀ gan-an.

Ẹnìkan lè ní: ṣebí àwọn apẹja Odò Ògùn kì í lo ríìlì, àwọ̀n, ìgèrè àti okùn ọwọ́ ni tiwọn. Òótọ́ ni, kò sì sí ìdí láti rò pé ríìlì sàn ju ohun tí wọ́n fi ń bọ́ ilé wọn lọ. Ẹni tó ní ọkọ̀ ojú omi tó sì mọ ibi tí ẹja ń gbà kò nílò rẹ̀. Ẹni tó nílò rẹ̀ ni ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oṣù, tó ní wákàtí díẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè kúrò ní etí bèbè, tó sì fẹ́ kí ìjẹ rẹ̀ ré gbéborùn kọjá dé ibi tí omi ti jìn. Fún un, ríìlì ni ọkọ̀ tí kò ní. Ẹni bẹ́ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ rántí pé bèbè gbogbo kọ́ ló ṣí sílẹ̀: kì í ṣe inú ọgbà ilé-iṣẹ́ omi ni wọ́n ti ń pẹja, kò sì dára láti dé bèbè abúlé ẹlòmíràn láìkí onílé.

Àtakò tó tún le jùyẹn ni pé ohun tí tuntun ń ṣe, àtijọ́ kò lè ṣe é. Èyí ní òótọ́ nínú, ó sì yẹ ká sọ ibi tó ti jẹ́ òótọ́. Bíréèkì ríìlì, tí à ń fi síkúrù fún tàbí dẹ̀, ni ohun tó ń jẹ́ kí okùn yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹja ńlá bá fa, kó má bàa já. Àwọn wọ́ṣà kábọ̀n tuntun ń ṣe iṣẹ́ yìí láìgọ́, yálà wọ́n tutù tàbí wọ́n gbóná. Awọ àti aṣọ onírun àtijọ́ máa ń dì mọ́ra bó bá pẹ́ tí wọn kò lò ó. Béárìnì oníhà kan tuntun kì í jẹ́ kí ọwọ́ ríìlì mì sẹ́yìn rárá, nígbà tí ìkọ́ àtijọ́ máa ń yẹ̀ díẹ̀ kó tó mú. Ríìlì tuntun ń ká okùn yára jù, ó sì fúyẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó máa dúró jù ú títí di ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n èwo nínú ìwọ̀nyí ni àrọ̀ tó wà nísàlẹ̀ Odò Ògùn ń béèrè? Ẹni tó jókòó ti òjé rẹ̀, tó ń dúró de ẹja, kì í ju ìwọ̀ nígbà ọgọ́rùn-ún lójúmọ́, ìwúwo kò jẹ́ nǹkan kan fún un. Kò nílò ìyára, agbára ló ń fẹ́, jíà tó sì ń lọ́ra ló ń fún ọwọ́ lágbára. Bíréèkì nìkan ló kù, wọ́ṣà kábọ̀n tuntun sì ṣeé fi sínú ọ̀pọ̀ ríìlì àtijọ́, nítorí pé wọ́n ń ta á fún irú Ambassadeur títí di òní. Ní ti iye béárìnì tí wọ́n máa ń kọ gàdàgbà sára páálí, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Béárìnì mẹ́wàá tí kò gbóríyìn, tó ń dógùn-ún nínú ọ̀rinrin ilẹ̀ wa, kò tó bọ́ọ̀ṣì idẹ méjì tí epo kò tán lára rẹ̀.

Ibi tí tuntun ti borí láìsí àríyànjiyàn ni okùn. Àwọn tó fẹ́ kí gbogbo nǹkan rí bíi ti àtijọ́ ti gbàgbé ìyà tó wà nídìí okùn ayé ìgbà yẹn. Irun ẹṣin, ṣẹ́dà àti ọ̀gbọ̀ ni àwọn Òyìnbó ń lò; òwú ni àwọn apẹja tiwa ń hun. Gbogbo wọn ló ń jẹrà. Bí a bá ti omi dé, dandan ni ká tú okùn ká, ká sá a, ká tó tún un ká. Ní ọdún 1935 ni Wallace Carothers àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà ṣe náílọ́ọ̀nù. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, náílọ́ọ̀nù gba àwọ̀n àti ìwọ̀ káàkiri ayé, ó sì dé etí omi tiwa, nítorí pé omi kì í mú un jẹrà. Àmọ́ oòrùn ń jẹ ẹ́. Okùn tó ti wà lára ríìlì tòkunbọ̀ láti ọjọ́ kan, bó ti wù kó nípọn tó, já a dànù. Bí o bá so kókó sí i, tí o sì fà á, wàá rí i bó ṣe ń já pẹ́úpẹ́ú. Ra okùn tuntun, má sì ṣe fi í sójú oòrùn nínú ọkọ̀. Ìkìlọ̀ kan tún wà: okùn híhun ìgbàlódé, èyí tó gbòde láti àwọn ọdún 1990, tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì lágbára, kò bá gbogbo ríìlì àtijọ́ mu. Irin rírọ̀ tí okùn ń gbà kọjá nínú wọn, okùn yẹn lè rẹ́ ẹ títí tí yóò fi lójú ọ̀nà, ojú ọ̀nà náà ló sì máa gé okùn fúnra rẹ̀. Náílọ́ọ̀nù ni ká fi sí wọn.

Àtakò kẹta ni ti ohun ìpààrọ̀: ta ló ń ta eyín jíà ríìlì tí wọ́n ṣe ní 1965? Níhìn-ín, a ní láti ya ríìlì àtijọ́ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tí kò ní jíà rárá kò ní ohun tó máa béèrè. Èyí tí jíà rẹ̀ rọrùn, tí eyín rẹ̀ jẹ́ idẹ, ẹni tó ní ẹ̀rọ tí ń gé eyín lè gé òmíràn bí apẹẹrẹ bá wà, iye tí yóò gbà sì ni kí o kọ́kọ́ béèrè. Àmọ́ ríìlì ọ̀nà kẹta, tí eyín rẹ̀ yí kọ́lọkọ̀lọ kó lè yí igun, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù kékeré. Ẹni tó bá fẹ́ràn Mitchell àtijọ́, méjì ni kó rà: ọ̀kan fún pípẹja, ọ̀kan fún ohun ìpààrọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé gbogbo ohun tó ti pẹ́ ló dára. Nígbà yẹn náà, wọ́n ń ṣe ríìlì síǹkì rírọ̀ fún àwọn tí kò lówó púpọ̀, irú rẹ̀ sì ń bá ẹrù wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni ríìlì tuntun olówó ńlá wà tí wọ́n ṣe pẹ̀lú alumíníọ̀mù àti idẹ, tó ṣeé tú, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì ń ta ohun ìpààrọ̀. Ohun tí à ń wá ni irin tó ṣeé tú àti ohun tí oníṣẹ́ lè fọwọ́ kàn. Àtijọ́ ni a ti sábà máa ń bá a, kì í ṣe pé àtijọ́ nìkan ló ní i.

Ọ̀rọ̀ owó fi kún un. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan kò tó ₦500 ní iye ìjọba. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì 2024, ó ti ń kọjá ₦1,500. Gbogbo ohun tuntun tó ń ti òkè òkun wá ló gbà á lórí, ríìlì kò yọ sílẹ̀. Ohun tí èyí ń ṣe ni pé ó ń ti olówó kékeré lọ sídìí ríìlì tuntun tó pọ́ jù, èyí tí ara rẹ̀ jẹ́ ike, tí yóò sì tún rà lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó pẹ́. Owó iṣẹ́ ọwọ́, ní tirẹ̀, náírà ni wọ́n ń san án fún aládùúgbò. Àwọn kan á ní ríìlì àtijọ́ náà ti wọ́n nítorí àwọn tó ń kó ohun àtijọ́ jọ. Bẹ́ẹ̀ ni, fún irú tí wọ́n ń wá: ríìlì Hardy ti ìlú Alnwick nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àpótí rẹ̀ ṣì wà, tí ọ̀dà rẹ̀ kò tíì bó. Ẹni tó ń kó jọ, ojú ló fi ń wò ó. Apẹja kò nílò ọ̀dà. Ríìlì tí ara rẹ̀ há, tí wọ́n kọ orúkọ ẹnìkan sí lábẹ́, ṣùgbọ́n tí jíà rẹ̀ mọ́, òun gan-an ni tirẹ̀, nítorí pé àwọn olùkójọ kò ní bá a du ú.

Bí o bá dé ìdí àtẹ, ìdánwò díẹ̀ wà tí kò ná ọ ní kọ́bọ̀. Di ríìlì mú létí, kí o rọra yí ọwọ́ rẹ̀: ìró tó dọ́gba dára, ibi tó bá ń takú ní ibì kan náà nígbà gbogbo ni eyín tó ti kán. Ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì: bó bá ń mì púpọ̀, bọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti jẹ, iṣẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ wà níbẹ̀, dín in lówó. Wo síkúrù rẹ̀: bí orí wọn bá ti bó, ẹnìkan tí kò mọṣẹ́ ti tú u rí. Ní ti bíréèkì, òṣùwọ̀n rẹ̀ wà nílé gbogbo ènìyàn. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí wọ́n kọ 50cl sí lára, omi inú rẹ̀ wọn ìdajì kìlógíráàmù. Kó mẹ́ta sínú ọ̀rá kan, kìlógíráàmù kan àbọ̀ nìyẹn, so ó mọ́ okùn tuntun, kí o sì gbé ríìlì sókè. Bí okùn rẹ bá jẹ́ èyí tí wọ́n kọ 6 kg sí lára, ìdá kan nínú mẹ́rin agbára rẹ̀ ló yẹ kí bíréèkì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀, kó lè kù fún kókó okùn àti fún ìjàǹbá. Fún síkúrù bíréèkì mọ́ díẹ̀díẹ̀ títí omi yóò fi ń rọra sọ̀ kalẹ̀. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ láìdúró, bíréèkì dára. Bó bá dúró, tó já wálẹ̀ lójijì, tó tún dúró, wọ́ṣà rẹ̀ ti gbẹ. Pààrọ̀ rẹ̀ kí o tó gbé e lọ sódò, nítorí pé àkókò tó bá dúró yẹn gan-an ni ọ̀bọ̀kún ńlá ń já okùn. Ìdánwò yìí kò mọ tuntun yàtọ̀ sí àtijọ́, ó yẹ ká fi í wò èyíkéyìí tí a bá fẹ́ rà.

Ta wá ni ó yẹ kó ra tuntun? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ju ìwọ̀, tí okùn tó ń lọ́ pọ̀ mọ́ra lórí kẹ̀kẹ́ yóò tètè sú, kó ra ríìlì ọ̀nà kẹta tuntun tó níwọ̀n, kó má ra èyí tó pọ́ jù. Ẹni tí epìyà wù, tó fẹ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ àti ìjẹ tó fúyẹ́, tuntun ló máa ṣe é lóore. Ríìlì jíà àtijọ́ kò lè gbé ohun tí kò wúwo jìnnà. Ẹni tí kò ní sùúrù láti fọ̀ ọ́, tí kò sì fẹ́ dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ kankan, tuntun ni kó rà, kó sì mọ̀ pé òun yóò tún rà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá àrọ̀ àti ọ̀bọ̀kún ní Akútè, ní Ìṣẹri tàbí níbikíbi tí Odò Ògùn bá ti jìn, tó fẹ́ ríìlì tí ọmọ rẹ̀ lè bá lọ́wọ́ rẹ̀, ara irin àtijọ́ tí jíà rẹ̀ rọrùn, pẹ̀lú wọ́ṣà bíréèkì tuntun àti okùn náílọ́ọ̀nù tuntun, ni yóò tọ́ sí i jù. Àtijọ́ ni ara, tuntun ni ohun tó ń jẹ tán.

Ìdájọ́ yìí kò dúró lórí ẹwà tàbí lórí ìrántí. Orí ibi tí a ń gbé ló dúró lé. Bí a bá gbé ìbéèrè kan náà lọ sí ìlú tí kò ti sí ẹni tó ń fá irin mọ́, tí owó iṣẹ́ ọwọ́ sì ju iye ẹ̀rọ tuntun lọ, ìdáhùn rẹ̀ yóò yí padà, yóò sì tọ́ kó yí padà. Ní Ìfàkò-Ìjàyè, oníṣẹ́ irin ṣì wà ní ìtòsí, owó rẹ̀ kò sì tíì ju ohun tí a gbé wá fún un lọ. Èyí jẹ́ ọrọ̀ tí a kì í kà mọ́ ọrọ̀, ó sì ń dín kù pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rọ ike tí a bá rà, lò, tí a sì jù nù, nítorí pé oníṣẹ́ tí kò bá rí ohun tún ṣe yóò wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ẹni tó bá ra ríìlì tó ṣeé tú, tó sì gbé e lọ fún ẹni tó lè tú u, kò ra ohun ìpẹja nìkan. Ó ń san owó kí ìmọ̀ tó ń mú gbogbo ẹ̀rọ àdúgbò wa ṣiṣẹ́ má bàa kúrò níbẹ̀.